Ìbéèrè Òǹkàwé: Ìjì Tó Ń Ṣí Òrùlé

Láti ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ ni ìbéèrè lórí ìjì ti ń wọlé wá láti Àkúrẹ́, Oǹdó àti agbègbè wọn. Àwọn tó jọra la kó pọ̀. Àwọn tó ń kọ́lé, tó ń kan òrùlé, tó ń dáko, tó sì ń ka ojú ọjọ́ ló bá wa dáhùn. Ẹ má bínú bí ìdáhùn kan bá gùn ju òmíràn lọ.

Ìbéèrè: Ṣé irú ìjì tí a ń rí lórí fóònù, tó ń yí bí òkòtó, tó sì ń gbé mọ́tò nílẹ̀, lè jà ní Àkúrẹ́? — Akẹ́kọ̀ọ́, Ọ̀bà-Ilé

Ó lè ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń ṣí òrùlé níhìn-ín. Ìjì ayípo bẹ́ẹ̀ nílò ohun mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà: afẹ́fẹ́ gbígbóná tó kún fún ọ̀rinrin nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ tútù tó gbẹ lókè rẹ̀, àti ìyàtọ̀ ńlá láàárín bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́ nísàlẹ̀ àti bó ṣe ń fẹ́ lókè. Ìyàtọ̀ yẹn ló ń mú kí ìkùukùu bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà ní gbogbo rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ka iye tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan lọ́dọọdún. Èyí tó pa èèyàn jù nínú ìtàn wọn, ti 18 March 1925, rìn fún wákàtí mẹ́ta àbọ̀. Ó gba ìpínlẹ̀ Missouri, Illinois àti Indiana kọjá, ó sì pa èèyàn 695. Afẹ́fẹ́ inú èyí tó jà ní Joplin, ìlú kan ní Missouri, ní 22 May 2011 lé ní kìlómítà 320 ní wákàtí kan. Kò sí òrùlé tí káfíńtà lè kàn tó máa dúró níwájú irú rẹ̀. Ti Bangladesh, ní 26 April 1989, pa nǹkan bí 1,300 èèyàn, torí ó gba àdúgbò tí èrò pọ̀ sí, tí ilé ibẹ̀ kò sì lágbára. Ilẹ̀ Áfíríkà náà kò yọ sílẹ̀. Ní December 1998, ọ̀kan jà ní Umtata ní South Africa nígbà tí Nelson Mandela wà nínú ilé ìtajà oògùn níbẹ̀. Nǹkan kan kò ṣe é, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn kú nínú ìlú.

Ti wa yàtọ̀. Ìkùukùu òjò á tò ní ìlà kan tó lè gùn tó ọgọ́rùn-ún kìlómítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, á sì máa rìn láti ìlà oòrùn bọ̀ wá sí ìwọ̀ oòrùn. Òjò tó ń já nínú rẹ̀ ń mú afẹ́fẹ́ tutù. Afẹ́fẹ́ tútù wúwo, ó já wálẹ̀, ilẹ̀ dá a dúró, ló bá tú síwájú. Ìdí nìyẹn tí eruku àti ìjì fi máa ń ṣáájú òjò. Bó bá le, ó lè tó kìlómítà 100 ní wákàtí kan, ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì ń fẹ́ sí.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó jà ládùúgbò yín, ẹ wo àwọn igi tó wó. Bí gbogbo wọn bá dorí kọ apá kan náà, tààrà ni afẹ́fẹ́ yẹn fẹ́. Bí wọ́n bá wó lé ara wọn, tí èyí dojú kọ ìhín tí ìyẹn dojú kọ ọ̀hún, lójú ọ̀nà tóóró kan tí nǹkan kan kò ṣe ilé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ayípo ni.

Ìbéèrè: Ìta gbangba ni mo ti ń tajà. Báwo ni mo ṣe lè tètè mọ̀ pé ìjì ń bọ̀? — Ìyá aláṣọ, Ọjà Ọba, Àkúrẹ́

Ìyá wa, Ọ̀wọ̀ ni kí ẹ máa wò. Láti ìlà oòrùn ni ìjì wọ̀nyí ti ń wá. Bí a bá fi ìlà fa ọ̀nà lórí máàpù, Ọ̀wọ̀ sí Àkúrẹ́ kò ju nǹkan bíi kìlómítà 45 lọ, ìjì wọ̀nyí sì sábà máa ń rìn ní nǹkan bíi 50 ní wákàtí kan. Ẹ wá oníbàárà kan níbẹ̀ tí ẹ lè pè. Bó bá ní ìjì ń jà lọ́dọ̀ òun báyìí, ó lè dé ọ̀dọ̀ yín kí wákàtí kan tó pé. Àwọn ará Oǹdó lè fi Àkúrẹ́ ṣe irú ìṣirò yìí. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń dé, òmíràn á tú ká lọ́nà, òmíràn á sì gbéra lójú ọ̀nà láìkan Ọ̀wọ̀ rárá. Ṣùgbọ́n owó ìpè kò tó owó báálì aṣọ kan.

Láti March dé May, àti ní September sí October, ni ó máa ń le jù. NiMet, àjọ tó ń rí sí ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ jáde lọ́dọọdún àti lójoojúmọ́: ti ọdún wúlò fún àgbẹ̀, ti ojoojúmọ́ ló wúlò fún yín. Lójú ọ̀run fúnra rẹ̀, ẹ kíyè sí ọ̀sán tí ooru mú gan-an, tí ewé kò mì, tí ìkùukùu dúdú kan sì rẹlẹ̀ ní ìlà oòrùn, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Nígbà tí afẹ́fẹ́ tútù bá ṣàdédé kàn yín lára, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù. Ẹ má rò pé ẹ máa fi kó ọjà tán.

Agboòrùn ńlá ni kí ẹ kọ́kọ́ pa dé, torí òun ló ń kọ́kọ́ fò, irin àárín rẹ̀ ló sì ń ṣe èèyàn léṣe. Lẹ́yìn náà, tapólì: ẹ so igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin le dáadáa, tàbí kí ẹ tú u wálẹ̀ pátápátá. Èyí tí a so lápá méjì ló ń fa igi àtíbàbà tu. Kí ẹ wá kúrò níbẹ̀. Inú ṣọ́ọ̀bù oníbúlọ́ọ̀kù ni kí ẹ wọ̀. Ẹ yàgò fún kióòsì onípákó, ẹ̀yìn pátákó ìpolówó, abẹ́ igi, àti ẹ̀gbẹ́ ògiri ọgbà gígùn tí kò ní òpó láàárín. Ní ti àrá, bí mànàmáná bá kọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú àáyá; mẹ́ta dúró fún kìlómítà kan. Bó bá sán kí ẹ tó ka 30, ó ti sún mọ́ jù fún ẹni tó ṣì ń palẹ̀ ọjà mọ́.

Ìbéèrè: Ìjì ṣí òrùlé mi, ó fi ti aládùúgbò mi sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọdún kan náà la kọ́lé. Káfíńtà ní àmúwá Ọlọ́run ni. Ṣé lóòótọ́ ni? — Baba onílé, Ìjọ́kà, Àkúrẹ́

Baba, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó fò lọ. Ṣé páànù nìkan ni, àbí páànù pẹ̀lú igi rẹ̀? Ìyẹn ló máa sọ ibi tí iṣẹ́ ti kù.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìjì ń ti òrùlé ni. Fífà ló ń fà á sókè. Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń sáré gba orí òrùlé kọjá, agbára tó fi ń tẹ páànù mọ́lẹ̀ ń dín kù, èyí tó sì ráyè wọ abẹ́ rẹ̀ láti etí ilé ń tì í láti ìsàlẹ̀. Ìjì tó ń fẹ́ ní kìlómítà 60 ní wákàtí kan ní agbára tó tó ìwọ̀n kìlógíráàmù 17 lórí mítà kan níbùú lóròó. Bó bá di 120, kì í ṣe ìlọ́po méjì ló máa jẹ́, ìlọ́po mẹ́rin ni, nǹkan bíi 70. Ní igun òrùlé àti ní etí rẹ̀, ó tún ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Páànù fúnra rẹ̀ kò wúwo tó kìlógíráàmù 5 lórí ìwọ̀n àyè kan náà. Ohun tí wọ́n fi so ó mọ́lẹ̀ nìkan ló ń dì í mú.

Ìdè yẹn ní oríkèé mẹ́rin: páànù mọ́ tù-bàì-tù (igi tí wọ́n ń kan páànù mọ́), tù-bàì-tù mọ́ igi tó gùn sókè, igi yẹn mọ́ igi tó dùbúlẹ̀ lórí ògiri, igi orí ògiri mọ́ búlọ́ọ̀kù. Èyí tó bá rọ̀ jù ló ń já, gbogbo èyí tó wà lókè rẹ̀ á sì bá a lọ. Èèyàn lè kan ìṣó ẹgbẹ̀rún sára páànù. Bí igi orí ògiri kò bá so mọ́ nǹkan kan, odindi òrùlé ni ìjì máa gbé, pẹ̀lú gbogbo ìṣó tí ẹ rà.

Bó bá jẹ́ páànù nìkan ló lọ, ìṣó ni ẹ̀bi. Ìṣó lásán tí wọ́n fi ń kan pákó kò ní orí tó fẹ̀, páànù á gba orí rẹ̀ yọ. Ìṣó páànù tó ní fìlà ni kí ẹ rà, ínǹṣì 3, kí ẹnu rẹ̀ lè yọ lábẹ́ tù-bàì-tù, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ igi. Ojú ibi tó ga lára páànù ni wọ́n ń kàn án sí. Ibi tó jìn ni omi ń gbà, yóò jò. Ní etí ilé, ní igun, àti ní góńgó òrùlé, kí wọ́n kan ìṣó sí ibi gíga kan kí wọ́n fo ọ̀kan. Láàárín, wọ́n lè fo méjì. Tù-bàì-tù kò gbọdọ̀ jìnnà síra ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ, kó sì jẹ́ 2 ní etí. Ibí yìí gan-an ni wọ́n ti ń dín igi kù láti fi ṣẹ́ owó kù. Páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ẹ lè fi ọwọ́ lásán ká, etí ihò ìṣó ló ti ń ya, kò sí ìṣó tó lè gbà á.

Bó bá kó igi rẹ̀ dání, ti yín le díẹ̀, baba. Lọ́pọ̀ ilé, wọ́n kàn gbé igi tù-bàì-fọ̀ sórí búlọ́ọ̀kù, wọ́n fi àpòpọ̀ sìmẹ́ǹtì díẹ̀ mú un, tàbí kí wọ́n fi waya tí àwọn tó ń di irin ń lò so ó. Waya yẹn á dípẹtà láàárín ọdún díẹ̀, á sì já bí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Rọ́ọ̀dù mílímítà 10 tàbí 12 ló yẹ, kí wọ́n tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n rì í sínú kọ́ńkéré tó yí orí ògiri ká nígbà tí wọ́n bá ń dà á, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin mẹ́rin jìnnà síra, orí rẹ̀ á sì tẹ̀ bo igi, kí wọ́n fi ìṣó kàn án pa.

Fún ilé tó ti wà, ó ṣeé ṣe ṣì. Bíríkìlà á gbẹ́ ihò sára ògiri ní búlọ́ọ̀kù mẹ́ta sísàlẹ̀ igi, á ki rọ́ọ̀dù sínú rẹ̀, á sì fi kọ́ńkéré dí i: sìmẹ́ǹtì òṣùwọ̀n kan, yanrìn méjì, òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́rin. Kí wọ́n máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ 7 kí wọ́n tó tẹ orí rọ́ọ̀dù náà mọ́ igi. Àwọn tó bá kánjú tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti já a kúrò nínú kọ́ńkéré kí ìjì tó dé.

Oríkèé kẹta, igi tó gùn sókè mọ́ èyí tó wà lórí ògiri, ni wọ́n máa ń gbàgbé. Ìṣó tí wọ́n kàn láti òkè wá sísàlẹ̀ tààrà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kàn án wọlé náà ni ìjì ṣe ń fà á jáde. Kí wọ́n kàn án ní ìdàgẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí wọ́n sì fi irin pẹlẹbẹ gba orí igi kọjá. Igi tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là ní sọ́ọ̀mìlì á sún kì bó bá ń gbẹ, ìṣó á sì máa mì nínú rẹ̀; ikán á bá a parí iṣẹ́.

Ìrísí ilé náà ní tirẹ̀. Òrùlé alápá mẹ́rin ń fara dà ju alápá méjì lọ, torí kò ní ògiri onígun mẹ́ta tí ìjì máa dojú kọ. Èyí tó tẹ́ jù ló rọrùn jù láti fà sókè. Etí òrùlé tó yọ ju ẹsẹ̀ bàtà 2 lọ ti di ohun ìdìmú fún ìjì. Òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí igi rẹ̀ dá wà, kí ó má so mọ́ ti ilé ńlá. Bó bá máa lọ, kí ó lọ ní òun nìkan.

Ó ṣeé ṣe kí ilé aládùúgbò yín wà lẹ́yìn igi tàbí ilé gíga kan, kí ti yín sì dojú kọ pápá. Ìyẹn náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n onílé tó ra gíláàsì fèrèsé olówó ńlá, tó wá ń du káfíńtà ní owó ìṣó, kò yẹ kó fi ọ̀rọ̀ náà lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

Ìbéèrè: Wọ́n ní bí ìjì bá ń bọ̀, ká ṣí fèrèsé kí atẹ́gùn lè ráyè gbà kọjá, kí òrùlé má bàa ṣí. — Ìyàwó ilé, Òkè-Àró, Àkúrẹ́

Ẹ má ṣe é. Afẹ́fẹ́ tó wọlé á ti òrùlé láti inú nígbà tí èyí tó wà lórí ń fà á sókè, méjèèjì á wá para pọ̀. Ẹ ti gbogbo fèrèsé àti ilẹ̀kùn, pàápàá èyí tó kọjú sí ibi tí ìjì ti ń bọ̀. Kí gbogbo ará ilé wọ yàrá àárín tàbí kọ́rídọ̀, kí wọ́n jìnnà sí gíláàsì.

Ìbéèrè: Bílọ́ọ̀kì kíláàsì wa gùn, kò ní àjà, páànù rẹ̀ ti gbó. Kí la lè ṣe kí wọ́n tó wá tún un kọ́? — Olùkọ́, Oǹdó

Ilé ìwé gígùn tó ní òrùlé alápá méjì, tí kò ní àjà, tí fèrèsé rẹ̀ sì jẹ́ ihò lásán, kó gbogbo àìdára tí a kà fún baba onílé sójú kan. Èyí tó ń pani níbẹ̀ kì í sábà jẹ́ páànù, ògiri ni. Bí òrùlé bá ti lọ, kò sí ohun tó di orí ògiri mú mọ́, ògiri onígun mẹ́ta tó wà ní ìpẹ̀kun méjèèjì á sì wó sínú kíláàsì. Ní Moore, ní Oklahoma nílẹ̀ Amẹ́ríkà, lọ́dún 2013, ọmọ 7 kú nílé ìwé Plaza Towers nígbà tí ìjì ayípo wó ilé náà lé wọn lórí, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti ṣe ohun tí wọ́n kọ́ wọn, wọ́n lúgọ mọ́ ògiri. Àbò kò ju ògiri tí wọ́n fẹ̀yìn tì lọ.

Torí náà, ẹ pinnu nísinsìnyí yàrá tí àwọn ọmọ máa sá sí. Kì í ṣe ti ìpẹ̀kun. Èyí tó wà láàárín ni, tàbí ọ́fíìsì tó kéré tó sì ní dẹ́kì lórí bí ẹ bá ní in. Kí wọ́n kúrò ní kíláàsì ìpẹ̀kun nígbà tí ìkùukùu bá ṣú, kí eruku tó bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Wọ́n á jókòó sílẹ̀ lábẹ́ tábìlì, kì í ṣe lábẹ́ fèrèsé. Ẹ fi í dánrawò lẹ́ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Ọmọ tí kò ṣe é rí, ìta ló máa sá lọ.

Ní ti ilé náà, owó ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ lè má tó òrùlé tuntun, ṣùgbọ́n ó lè tó àpò ìṣó onífìlà àti rọ́ọ̀dù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí ibẹ̀ ni ìjì ti ń kọ́kọ́ rí ọ̀nà. Kí káfíńtà tún kan igi àgbélébùú láàárín igi òrùlé, láti ìsàlẹ̀ ọ̀kan sí òkè èkejì, ní yàrá àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn, kí igi má bàa dà lé ara wọn ní títò. Ẹ wo àwọn igi inú ọgbà náà: èyí tí wọ́n gé gbòǹgbò rẹ̀ lápá kan nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ gọ́tà, apá kejì ló máa wó sí.

Ìbéèrè: Ìjì da ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà mi, ó sì tẹ igi kòkó kan mọ́lẹ̀. Ṣé kí n gbé wọn dìde? — Àgbẹ̀, ọ̀nà Ìdànrè

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ti bọ́. Bó bá ṣẹ́ láàárín, ẹrù orí rẹ̀ àti ìjì ló ṣe é. Bó bá hú tìdítìdí, kòkòrò ti jẹ gbòǹgbò rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìjì kàn sọ ọ́ fáyé gbọ́ ni. Kì í ṣeé gbé dìde. Ẹ gé e, ẹ fi ọmọ kan ṣoṣo tí ewé rẹ̀ rí tóóró sílẹ̀, ẹ sì fi iyẹ̀pẹ̀ bo ìdí rẹ̀. Àwọn tó ti pẹ́ lójú kan ń gun òkè sí ojú ilẹ̀ lọ́dọọdún, ìdí wọn kì í dúró. Èyí tó bá ní èso tí kò tíì gbó, ẹ bó o, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ sá a, ẹ fi lọ èlùbọ́. Èyí tó ṣì dúró, ẹ fi ọparun méjì gbé e: ẹ so wọ́n pọ̀ lókè kí wọ́n kọjá lára wọn bí àgbélébùú, kí ọrùn ìdì rẹ̀ jókòó sínú ìpàdé wọn, ní apá tó ń tẹ̀ sí.

Kòkó tí gbòǹgbò rẹ̀ ṣì wọlẹ̀ lápá kan, ẹ má fi ipá fà á dìde, ìyókù gbòǹgbò á já. Ẹ gé e ní nǹkan bí ínǹṣì 18 sókè ilẹ̀, kí ojú ibi tí ẹ gé dagẹ̀rẹ̀ kí omi má dúró sí i. Ẹ̀ka tuntun á yọ. Ẹ mú ọ̀kan tó le tó sì sún mọ́ ilẹ̀, ẹ ké ìyókù. Ẹ kó èso tó já bọ́ kúrò lóko, torí èso tó bá jẹrà nílẹ̀ ló ń tan àrùn dúdú. Kí oòrùn má bàa pa èyí tó kù, ẹ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sáàárín rẹ̀.

Fún ọjọ́ iwájú, ẹ gbin igi sí ìlà oòrùn oko, ìlà méjì tàbí mẹ́ta. Àgúnmánìyẹ̀ dára. Kí wọ́n má fún pọ̀ jù, torí èyí tó dí pátápátá ń da ìjì lé ẹ̀yìn ara rẹ̀. Èyí tó ga tó mítà 10 lè dín agbára ìjì kù dé nǹkan bí 100 mítà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìbéèrè: Ìjì ti jà tán. Kí ló yẹ ká kọ́kọ́ ṣe? — Olùgbé, Ìsìkàn, Àkúrẹ́

Waya iná ni. Waya tó já sílẹ̀ lè ní iná nínú bí gbogbo àdúgbò tilẹ̀ wà lókùnkùn, torí ó lè jẹ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò tàbí ìmúpadàbọ̀ iná ló máa fi sí i. Ẹ dúró ní mítà 10 sí i, ẹ lé àwọn ọmọ jìnnà, ẹ pe 112 tàbí ilé iṣẹ́ iná mànàmáná. Bí ẹ bá ti wà nítòsí rẹ̀ kí ẹ tó rí i, ẹ má gbé ẹsẹ̀. Ẹ máa wọ́ ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi jìnnà. Nínú ilé, ẹ pa ṣíwíìṣì ńlá tó ń mú iná wọlé. Jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ torí òjò. Ẹ gbé e jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 20 sí fèrèsé, torí gáàsì tó ń pani nínú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn.

Ẹ má gun òrùlé tútù. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ibi tó bàjẹ́ kí ẹ tó kó nǹkan kan, pàápàá bí ẹ bá ní àdéhùn ìbánigbófò. Ẹ wo ìwé náà: èyí tó jẹ́ ti iná nìkan kì í sanwó ìjì bí wọn kò bá kọ ìjì kún un. Tapólì tí ẹ bá fi bo ilé, ẹ fi pákó tẹ etí rẹ̀ kí ẹ tó kan ìṣó. Ìṣó lásán á ya á lálẹ́ ọjọ́ náà.

Nínú àwọn ilé àtijọ́, àjà tàbí òrùlé áṣíbẹ́ẹ́sì tó fọ́ léwu fún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má gbá a ní gbígbẹ. Ẹ wọ́n omi sí i, ẹ bo imú, ẹ dì í sínú ọ̀rá méjì kí ẹ tó gbé e lọ, kí ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ kankan fi ṣeré. Ẹni tí ìṣó bá gún lẹ́sẹ̀, kí ó fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà, kí ó sì lọ gba abẹ́rẹ́ àrùn ipá lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Páànù tó ti fò, bí kò bá ká, ẹ lè tún un lò, ṣùgbọ́n kì í ṣe lójú ihò àtijọ́. Kí káfíńtà yí i sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ kí ìṣó lè rí ibi tuntun gún, kí ó sì dí ihò tó kù. Kí ó tó gbé ọ̀kan sórí, ẹ ní kí ó gun òkè lọ fi ọwọ́ mi igi orí ògiri fún yín. Bó bá mì, ẹ dá páànù dúró, ẹ pe bíríkìlà.